Lẹ́tà Ọ̀gá Tíṣà

Àádọ́ta náírà ni mo ń ta fúlúsíkáàpù kan ní ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Ọba. Mẹ́ta-mẹ́ta ni bàbá onílé wa, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń rà. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, lẹ́tà ni yóò kọ sí ẹni tó ni ín. "Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀," ni yóò wí, bí ẹni pé tíṣà ló dá ayé.

Lọ́jọ́ kan ní oríta Adébáyọ̀, bàbá fi mọ́tò rẹ̀ já wọ títì, ó forí mọ́tò gbá ìlẹ̀kùn mọ́tò obìnrin aránṣọ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Iwájú mọ́tò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ju páànù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Egungun ìbàdí obìnrin náà ṣẹ́. Kò lè fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì mọ́.

Àwọn àgbà àdúgbò ní, "Bàbá, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sanwó ọsibítù, ọ̀rọ̀ á parí nílé."

"Èmi? Mà á kọ̀wé sí i."

Ó wá ra fúlúsíkáàpù. Mo ní, "Sà, ẹsẹ̀ la fi ń lọ bẹ̀bẹ̀ o."

"Ìwọ tí o ò ka ìwé mẹ́fà tán, kí lo mọ̀?"

Mo gbowó mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká kàwé di òmùgọ̀.

Ó kọ ọ́ pé: "Mo fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ títì. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí mo fi ní láti wo ọ̀tún tàbí òsì." Ó buwọ́ lù ú.

Aránṣọ gbé lẹ́tà náà, ó pè é lẹ́jọ́. Lọ́yà rẹ̀ kà á ní kóòtù. Adájọ́ bi bàbá bóyá òun ló kọ ọ́. Bàbá yan àyà: "Èmi ni, Olúwa mi. Ẹ̀dà mẹ́ta."

Adájọ́ náà kọ tirẹ̀ sílẹ̀: kó san mílíọ̀nù mẹ́rin náírà ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba fún aránṣọ.