Kọ́là Tí Mo Gé Lára Orin

Òyìnbó àlùfáà kan fi àpótí sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tó ń padà sílé. Ìwé orin ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ pé orin ni. Dòó, rèé, mìí ni wọ́n fi kọ́ àwa akọrin. Ohun tó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn dà bí èèrà tó ń tò lórí okùn aṣọ. Mo ní pàǹtí ni.

Télọ̀ ni mí. Ìwé náà nípọn, irú èyí tí à ń gé ní ìrísí kọ́là, ká tó gbé e lé aṣọ láti fi gé e. Nígbà tí mo ń rán ẹ̀wù àwọn akọrin, mo mú ewé méjì níbẹ̀, mo gé e. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Ọdún kejì ni tíṣà tó ń tẹ dùùrù fún wa tú àpótí náà. Ó pè mí sí fáráńdà rẹ̀, torí ọ̀ọ́kán ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

"Télọ̀, ará Jámánì kan ló kọ orin yìí. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kú, àwọn èèyàn rẹ̀ gan-an ti gbàgbé rẹ̀. Àwa mẹ́ta la máa jí i."

Àwọn mẹ́ta náà ni òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú fayolíìnì, ìyàwó rẹ̀ nídìí dùùrù, àti ọkùnrin kan tó ń po oògùn ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ní fayolíìnì ńlá tí wọ́n ń há sáàárín orúnkún.

"Ṣùgbọ́n ewé méjì ti sọnù nínú ìwé orin ti apoògùn. Ikán ti jẹ ẹ́."

Mo ní, "Ikán mà burú o, ọ̀gá."

Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn. Kọ́là náà sì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Sátidé mẹ́ta ni apoògùn gbé ẹrù ńlá yẹn wọ bọ́lẹ̀kájà wá. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, á dùn, á dé ibì kan, fayolíìnì ńlá á dákẹ́, orin á sì wó bí ẹni tí wọ́n yọ àga nídìí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò ní lè tẹ máṣíìnì mọ́. Ní Sátidé kẹta, mo gbọ́ tí apoògùn ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí bàbá ará Jámánì yìí máa sinmi. Kò ṣeé jí báyìí."

Mo já kọ́là lórí ìṣó, mo ṣa àjákù tó kù nínú àpò àkísà, mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ikán. Èmi ni."

Tíṣà gbé kọ́là náà sókè, ó wò ó síwá-sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. "Ikán tó ní àlùmọ́gàjí! Ẹ ò rí i bó ṣe gé e gún!"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Télọ̀. À ń bú ikán."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Lọ gbé abẹ́rẹ́ rẹ wá."

Mo rán gbogbo rẹ̀ mọ́ páálí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì mí, wọ́n ń fi ìka hàn mí ibi tí èyí ti bá èyí pàdé. Ó pé, àfi ibi tí mo gé kúrò fún ọrùn, tí mi ò rí àjákù rẹ̀ mọ́. Apoògùn ní kò burú, òun á dákẹ́ níbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe orin náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Títí di òní, bó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibẹ̀, apoògùn á wò mí, á ní, "Ọrùn ń bọ̀ o!" Á gbé ọ̀pá tó fi ń fa fayolíìnì rẹ̀ sókè. Èmi á di èémí mú. Tó bá tún fà á, èmi náà á mí.