Ìgò Aṣáà Tí Imú-Ò-Purọ́ Kò Gbọ́ Òórùn Rẹ̀

Mo fi ewú orí mi búra, bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí eyín tó kù lẹ́nu mi má bá mi dé ọ̀la. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo wà, ojú mi ló ṣe. Ibi tí n kò sí, àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, òun kò sì lè purọ́ fún mi, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ nígbà tí a wà ní kékeré, mo mọ gbogbo èyí tó mọ̀. Ẹ má wò ó pé n kò jókòó sí kíláàsì kankan rí. Ara páálí ọṣẹ àti agolo mílíìkì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó bá ti ka páálí ọṣẹ já, kò sí ìwé tó tún lè dẹ́rù bà á.

Ọkọ àbúrò mi yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aláṣáà ni. Imú-Ò-Purọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Ẹni tó bá ga, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Kì í ta aṣáà gbígbẹ tó ń fò kiri bí eruku. Tútù ló ń ṣe, èyí tí èèyàn máa fi ìka méjì mú díẹ̀, tí á rọra fín in, tí ojú rẹ̀ á là dé ìpàkọ́.

Aṣáà tútù kì í ṣe ohun tí à ń gbé jù sórí pẹpẹ kí a wá lọ sùn. Bí ó bá gbẹ jù, ó di iyẹ̀pẹ̀. Bí ó bá tutù jù, funfun á hù lórí rẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Bí o bá fún un lọ́wọ́, ó yẹ kó dì, kí ojú ìka rẹ hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ má rin. Inú ìgò onídèérí líle ni àna mi ń kó o sí. Ó ń fi aṣọ dúdú wé ìgò náà, orí sìmẹ́ńtì tó tutù ló sì ń tò wọ́n sí, nídìí ògiri tí oòrùn kì í dé. Ìgò kọ̀ọ̀kan ló ní ṣíbí onígi tirẹ̀. Kì í da tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù kò gbọdọ̀ kan ìdérí. Èmi fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi tán, ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé kí n lọ nu ọwọ́ mi bí ọmọ èèyàn.

Láràárọ̀, á ṣí àwọn ìgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á na imú sí ẹnu wọn, á wá ní ó dára tàbí kò dára. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Àwọn ìyàwó ilé á gbé mílíìkì wá kó bá wọn gbọ́ bóyá ó ti kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àna mi gbóòórùn òjò, tó ní kí gbogbo ará ilé kó aṣọ wọlé, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Òjò náà rọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò bá imú yìí ṣọ̀rẹ́ ni àbúrò mi. Ó kórìíra aṣáà bí ológbò ṣe kórìíra omi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kó tó wọlé, àwọn ará ilé sì ti mọ̀ pé bí àwọn bá rí ọkùnrin kan tó bọ́ra sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe wèrè.

Ọ̀fìnkìn kan wá mú àna mi ní àsìkò òtútù. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí ẹ̀yin mọ̀. Bí ó bá fọn imú, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè kọjá. Nígbà tí ọ̀fìnkìn náà máa lọ, ó kó òórùn dání. Àna mi na imú sí ìgò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ọṣẹ sún mọ́ imú, ọṣẹ dákẹ́. Ó gbé alùbọ́sà, alùbọ́sà náà dákẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò ra aṣáà lọ́wọ́ aláṣáà tí imú rẹ̀ ti kú? Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde pẹ́nrẹ́n, ṣọ́ọ̀bù ti tì nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ohun tó tàn án jẹ ni pé aṣáà ṣì ń ta á. Kánún inú rẹ̀ ń ta imú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà pé bí ó bá ti ń ta, ó dára nìyẹn. Kò mọ̀ pé òórùn àti títa kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Nígbà tí ooru dé, aṣáà inú ìgò ńlá gbẹ. Àna mi bu omi kẹ́tùlù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wọ́n ọn sí i, ó rò ó pọ̀. Tẹ́lẹ̀, imú rẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé ooru inú rẹ̀ ti lọ tán, pé ó tó dé. Lọ́jọ́ yìí, imú kò sọ nǹkan kan, ó bá dé e. Ìgò ń làágùn nínú bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Nígbà tó tún ṣí i, aṣáà náà ti di kókó, kò sì ta á mọ́. Kí ló ṣe? Ó bu kánún kún un. Kò ta tó. Ó tún bu òmíràn. Nígbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ó dára.

Ẹni àkọ́kọ́ tó rà nínú rẹ̀ ni aránbàtà ọ̀kánkán, tí gbogbo wa ń pè ní Ìṣó-Lẹ́nu, nítorí bó ṣe máa ń fi ètè ká ìṣó bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fín aṣáà náà láìyọ ìṣó lẹ́nu. Ó sín. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó sín, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀. Ìṣó mẹ́rin ló kàn mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àna mi, ìkan nínú wọn ni wọ́n sì ń fi kálẹ́ńdà kọ́ títí di òní.

Ìṣó-Lẹ́nu gbé agolo rẹ̀ padà wá. Ó ní òun ti ń fín aṣáà kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́ ilé yìí, òun kò sì fín aṣọ ìnulẹ̀ rí. Àna mi ní gọ́ọ̀mù bàtà ló ti ba imú rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ní ta ni imú rẹ̀ bà jẹ́? Èrò péjọ. Ìṣó-Lẹ́nu wá là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Ó dáa. Lọ́la, màá gbé agolo méjì wá, ìkan nínú aṣáà tó o tà fún mi tẹ́lẹ̀, ìkan nínú èyí. Àá fi aṣọ dì ọ́ lójú. Tó o bá mọ èyí tó bà jẹ́, màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ ní títì. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, kó o gbá ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́, kó o gbé kọ́kọ́rọ́ fún onílé."

Àna mi ní òun gbà. Ìgbéraga ló gbà á, kì í ṣe òun.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, àbúrò mi wò ó títí.

"Bàbá wọn, kí lẹ máa ṣe lọ́la?"

"Màá gbóòórùn ni."

"Pẹ̀lú imú ta ni?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ àwo rẹ̀.

"Ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́sí," ni àbúrò mi wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jà látìta tí alùbọ́sà bá fẹ́ jó. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ lá àwo, ẹ dúpẹ́. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe."

"Ìyá wọn, imú mi ti kú."

"Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ tipẹ́."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ṣé ẹ pè mí síbi òkú ni?"

Wọ́n jẹun tán. Ìgbà tó ń palẹ̀ àwo mọ́ ló sọ fún un pé òun máa wá, pé òun máa dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pé bí wọ́n bá ti ṣí èyí tó bà jẹ́, òun máa wúkọ́. Àna mi wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kẹ́tùlù ń bọ̀ wá kí i.

Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí ọjọ́ orí mi àti ìwé mi. Àbúrò mi dé lóòótọ́, ó fi ìborùn bo imú, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A di àna mi lójú. Ìṣó-Lẹ́nu ṣí agolo méjèèjì. A kò rántí pé yàrá náà kéré, èrò sì kún un. Kánún tó wà nínú èyí tó bà jẹ́ tó láti jí òkú. Àbúrò mi wúkọ́. Ìṣó-Lẹ́nu wúkọ́. Àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn wúkọ́. Èmi adájọ́ wúkọ́ títí fìlà mi fi bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ ikọ́ ìyàwó nínú ikọ́ èrò.

Àna mi gbé agolo kan sún mọ́ imú, ó gbé èkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ikọ́ èrò fi rọlẹ̀. Ó wá gbé méjèèjì kalẹ̀, ó tú aṣọ ojú rẹ̀.

"Méjèèjì ló ń ta mí," ó ní. "N kò gbọ́ òórùn èyíkéyìí. Ó ti pẹ́ tí n kò gbóòórùn mọ́."

Ó gbé ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kódà Ìṣó-Lẹ́nu ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àbúrò mi bọ́ ìborùn kúrò nímú. Ó wọ inú yàrá, ó gbé agolo kan, ó ní, "Èyí ló bà jẹ́." Kò dúró níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ògiri, ó ń tú aṣọ dúdú, ó ń ṣí ìgò, ó ń gbóòórùn, ó ń fajú ro, ó ń sọ pé èyí dára, èyí kò dára, èyí ku díẹ̀. Nígbà tó ṣí ìgò ńlá, omi kán láti abẹ́ ìdérí. Ó gbé ìdérí náà sókè kí gbogbo wa rí i.

"Ẹ dé e nígbà tó ṣì gbóná," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ọmọ tó ń kọ́ ọbẹ̀ sísè mọ̀ pé ìdérí á làágùn."

Ọkọ rẹ̀ dúró pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́. Ìṣó-Lẹ́nu da èyí tó bà jẹ́ nù, ó gbé agolo òfìfo náà fún àbúrò mi, kì í ṣe fún ọkọ rẹ̀. Ó ní bí ìyàwó yìí bá ń gbọ́ ọ láràárọ̀, òun á máa rà á, kí àna mi gbé ọwọ̀ sílẹ̀. Èmi adájọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi mí.

Wọ́n ri aṣáà tó bà jẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, koríko kò sì hù níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi omi híhó fọ àwọn ìgò, wọ́n da ojú wọn délẹ̀ sínú oòrùn títí wọ́n fi gbẹ kanrin kí wọ́n tó tún bu nǹkan sí wọn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àna mi ló ń ṣe é, imú àbúrò mi ló ń dájọ́. Ó ṣì kórìíra aṣáà. Bí wọ́n bá délé, àwọn méjèèjì ló ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n sì ti ta aṣọ ìkélé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn ará àdúgbò kò pe àna mi ní Imú-Ò-Purọ́ mọ́. Ọkọ Imú ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo bù mọ́ ọn, Ìṣó-Lẹ́nu wà láàyè, kò tíì kúrò ní ọ̀kánkán ibẹ̀. Ẹ lọ bi í. Kìkì pé òun ní tirẹ̀ máa ń sọ àsọdùn díẹ̀.