Oúnjẹ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ti Aláìsàn

Ọ̀gá Ìdáná ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ń pè é, láti orí dókítà àgbà títí dé ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kò sì sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ga ni, ó sanra dáadáa, ohùn rẹ̀ sì lè la ilẹ̀kùn méjì kọjá. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó bá gé kárọ́ọ̀tì ní wúruwùru lábẹ́ ojú rẹ̀ yóò gé òmíràn, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ ti ń ro ó.

Ìkòkò ńlá méjì ló ń wà lórí iná nílé ìdáná wọn lójoojúmọ́. Èkíní ni ti aláìsàn: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, kábéèjì, ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ dànù, òróró tí kò ju kó fi kan ìdí ìkòkò lọ, àti iyọ̀ táṣẹ́rẹ́. Ìkejì ni ti òṣìṣẹ́, òun ló ń ta sánsán dé ojú ọ̀nà: ẹran díndín, ọbẹ̀ tí òróró léfòó lójú rẹ̀, búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi bọ́tà pa. Ọ̀gá Ìdáná kì í fi ìkòkò aláìsàn ṣeré o. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ata, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ tan ahọ́n jẹ tí kò fi ní bèèrè iyọ̀. Aláìsàn kan tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ rí pé kó wá kọ́ ìyàwó òun. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ bu oúnjẹ yẹn sínú àwo, kó jókòó tì í? Ó tì o. Bó bá ti tọ́ ọ wò tán, ó parí.

"Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ aláìsàn láìṣàìsàn," ló máa ń wí, "àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè." Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún ẹran bù.

Kì í ṣe àwàdà lásán. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún ìyá wọn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ra ìkòkò kékeré kan fún un. Inú ìkòkò yẹn ni wọ́n ti ń se tirẹ̀ lọ́tọ̀, á sì máa jẹ ẹ́ ní ìkángun tábìlì bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, nígbà tí gbogbo ilé ń yọ̀ mọ́ adìyẹ díndín. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ọmọ. Ọ̀kan á ti itan adìyẹ bọ abẹ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, òmíràn á bu ọbẹ̀ tiwọn lé e lórí. Kò pẹ́ tí ìkòkò kékeré náà fi di ohun tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa obìnrin náà kí ewú tó gba orí rẹ̀. Àwọn ọmọ sunkún, wọ́n sì fẹnu kò pé àìsàn ìran ni, kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i. Oúnjẹ aláìsàn ló kúkú ń jẹ, ó sì kú náà.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, wọ́n yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tí ẹnu rẹ̀ tutù, fi abẹ́rẹ́ gún Ọ̀gá Ìdáná níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

"Mà, ẹ ò tíì ní àtọ̀gbẹ," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín náà ti ń gbéra díẹ̀. Ta ló ní i rí nínú ìdílé yín?"

"Kúkú bi mí léèrè ẹni tí kò ní i."

"Ìdílé nìkan kọ́ o, mà. Bí obìnrin bá ti ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa dáwọ́ dúró, ara kì í gbà fún un bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí ẹ̀ ń sè fún àwọn aláìsàn yẹn, ẹ máa bù ú jẹ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo yín, kí ẹ̀wà wà níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí ohun gbogbo fún yín, àmọ́ ó máa ń dín ewu kù."

"Ẹnu ọ̀nà lo ní mo wà, àbí?" Ọ̀gá Ìdáná ti ń dìde. "Ó dáa. Mi ò ní kanlẹ̀kùn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi pé kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ohun tí a kò bá sọ kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tó délé, ó din adìyẹ.

Kí oṣù náà tó parí ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gba ipò ìyá fún un lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Iṣẹ́ ìránṣọ ló fi rán an lọ kọ́ oúnjẹ sísè. Ó ti ní àtọ̀gbẹ tipẹ́, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Egbò kan tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ ló kọ̀ tí kò jinná. Wọ́n ní kó dúró sí wọ́ọ̀dù títí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, kí egbò náà lè ráyè san.

Ọ̀gá Ìdáná fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣí àwo, ó wo ẹ̀wà, ó wo ẹ̀fọ́, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo se èyí fún mi?"

"Èmi ni, Àǹtí mi. Òun ni dókítà ní kí ẹ máa jẹ."

"Oúnjẹ Màámi." Ó dé àwo náà padà. "Ó ti wá kàn mí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọ̀gá Ìdáná ju abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ki kúlà kékeré kan sínú báàgì rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura bò ó. Ẹran díndín ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ òṣìṣẹ́ àti búrẹ́dì funfun. Àwọn méjèèjì fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú bí ọmọ tó jí ṣúgà lá. Bẹ́ẹ̀ ló mú un wá lọ́jọ́ kejì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń mú un wá lójoojúmọ́. Àwo aláìsàn sì ń padà lófìfo, nítorí Ọ̀gá Ìdáná ń da ohun inú rẹ̀ nù kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, ká tètè sọ fún un, torí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀gá Ìdáná tiwa yìí, òun gan-an ló ń ṣa kòkòrò náà wá, tó tún ń fi ata sí i. Ẹ má bínú sí i jù. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ìfẹ́ ẹni tó mọ oúnjẹ sè sì ṣòroó kọ̀.

Ṣúgà Ẹ̀gbọ́n kọ̀, kò wálẹ̀. Dókítà fi kún oògùn, kò wálẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ọjọ́sí wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ojú ń tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe pé mo ń fura sí yín o. Ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì fi ṣúgà sí oúnjẹ wọ́ọ̀dù wa? Aláìsàn kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé wa mọ́."

Inú bí àwọn obìnrin náà. Èyí tó ń gé kábéèjì fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Níbi tí Ọ̀gá wà? Ẹ lọ wo oògùn yín dáadáa o." Gbogbo wọn yíjú sí Ọ̀gá Ìdáná pé kó gbèjà wọn. Ó ń fi ṣíbí ńlá ro ìkòkò tí kò sí ohun tó ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni dókítà sọ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n méjì ti kú, àfi kí wọ́n gé e kó má baà ran ìyókù.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n tó lè jókòó padà, àwo aláìsàn nìkan ni Ọ̀gá Ìdáná gbé lọ bá a. Ó ti jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kò bú u. Ó kàn ní ibi tí egbò yẹn burú dé kí wọ́n tó gbé e wá, kò sẹ́ni tó lè búra pé oúnjẹ inú kúlà ló fà á. Ì bá sàn kó bú u. Ọ̀gá Ìdáná kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi..."

"Dìde níbẹ̀ yẹn. Ṣé ìwọ lo bá mi la ẹnu ni?" Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. "Ká sòótọ́ náà, ó dùn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀rín, ẹkún ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, Ẹ̀gbọ́n mú ṣíbí, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Mi ò lè dá a jẹ. O rántí Màámi? A máa ń sọ pé oúnjẹ yẹn ò ṣe é lóore. Irọ́ là ń pa. Ìgbà wo ló jẹ ẹ́? Ìwọ ń ki adìyẹ sí i, èmi ń bu ọbẹ̀ sí i, torí a ò lè wò ó níbi tó dá jókòó sí. Kò wá sí ẹnì kan nínú wa tó sọ pé ká kúkú bá a jẹ tiẹ̀." Ó tọ́ka sí àga. "Fà á wá. Wá ṣíbí."

"Èmi kẹ̀? Mi ò ṣàìsàn, Àǹtí mi."

"Ìdí tí mo fi ní kó o jẹ ẹ́ nìyẹn."

Ọ̀gá Ìdáná fa àga náà wá, ó jókòó. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ló jáde lẹ́nu rẹ̀: pé wọ́n ti yẹ òun náà wò, pé òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó fa àwo náà sí àárín àwọn méjèèjì.

"Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ìwọ ń sáré gbọn tèmi, tìrẹ ń jó lẹ́yìn rẹ. Jẹun, àbúrò mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá gbé ọ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì yìí."

Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Láti ọdún gbọọrọ tó ti ń se oúnjẹ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa jẹ ẹ́ yó. Ó dùn. Ó yà á lẹ́nu pé ó dùn, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó yà á lẹ́nu.

Nílé, kò rọrùn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ fi ṣíbí tú abẹ́ ẹ̀fọ́ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ́ sínú koríko.

"Ìyá wa, ẹran dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo rí i. Kò ní ẹnì kejì."

Ẹran kò tán nílé náà o. Ó kàn kéré ni, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sì gba àyè rẹ̀. Ohun tí ìyàwó kọ̀ jálẹ̀ ni kí òun se ìkòkò méjì. Ọkọ kùn, ó kùn, ó lọ ra ẹran díndín jẹ níta bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ó padà wá jókòó sídìí àwo rẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n fi Ọ̀gá Ìdáná ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ránṣẹ́ pe àìsàn, ṣùgbọ́n èyí tó ń gé kábéèjì ti ń bá a bù nínú ìkòkò kan náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nọ́ọ̀sì tún gún un níka. Kò tíì wọlé. Ó tiẹ̀ ti sún sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sọ̀yà fún un pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, òun náà kò sì bèèrè.

Nígbà tí wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, ilé àbúrò rẹ̀ ló wá gbé, tòun ti ọ̀pá tó fi ń rìn. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ Ọ̀gá Ìdáná obìnrin wá kí wọn láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ìyá-ìyá rẹ̀ ló gbé wá sáyé, àti ìrìn rẹ̀, àti ẹ̀rín rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó wo àwo Àǹtí àgbà, ó wo ti bàbá rẹ̀, ó wo tirẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló kún gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì, mo mọ̀ pé oúnjẹ Àǹtí àgbà nìyí. Àwa tó kù ńkọ́? Ta ló ń ṣàìsàn nínú wa?"

Ìyá rẹ̀ wo ojú náà títí, ó sì tún bu ẹ̀fọ́ kún tirẹ̀.

"Kò tíì sí," ló wí. "Jẹun."