Èèkàn Ìjọba Lẹ́bàá Ojú Irin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ni mọ́tò tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì ní ìkòríta, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ọjà Bódìjà nilé wa wà, ojú irin sì kọjá níwájú wa gbọọrọ. Ọkọ̀ ojú irin kì í sábà kọjá nígbà náà, bí ó bá sì ń bọ̀, fèrè rẹ̀ á ti dún tipẹ́ kí a tó rí imú rẹ̀. Ni gbogbo àdúgbò bá sọ ojú irin di títì. Ibẹ̀ là ń gbà lọ sí ilé ìwé, ibẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó ń gbà lọ ra oúnjẹ. Bí o bá ń kánjú, má ṣe gba ibẹ̀, torí "ẹ kú ìrìn" àti "ilé ńkọ́" kò ní jẹ́ kí o tètè dé.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń sin ewúrẹ́, ẹnu wọn sì mú bí abẹ. Ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà ọmọge wà ní òdìkejì ojú irin. Láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yìí ti ṣubú lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ irin, tí orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọn ò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn mọ́. Nítorí náà, bí Àlájà bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán lójoojúmọ́, wọ́n á gbé àwo móínmóín, wọ́n á sọdá, wọ́n á lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn títí ilẹ̀ yóò fi máa ṣú.

Ní ọjọ́ kan, a rí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n gbé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn dé. Wọ́n ní ògiri ni àwọn fẹ́ mọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú irin kékeré ló ń bọ̀, tí yóò máa gbé èèyàn káàkiri inú ìlú bíi ti òkè òkun. Àwa ọmọdé fò sókè, a pàtẹ́wọ́. Àlájà ò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Bí ògiri yẹn bá dìde, wọ́n ní láti rìn yípo dé títì ńlá, kí wọ́n wọ takisí, kí wọ́n tún rìn padà, kí wọ́n tó rí ọ̀rẹ́ wọn, ara wọn ò sì gbé e mọ́. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó máa gbé mi dé Dùgbẹ̀ tí mi ò ní lè dé iwájú ilé mi mọ́, irú ọkọ̀ wo nìyẹn?"

Àwọn ọkùnrin náà gbá èèkàn mọ́lẹ̀ lọ ní ìlà ibi tí ògiri yóò gbà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ilẹ̀ mọ́, Àlájà jáde, wọ́n rí èèkàn tó dára, tó le. Kí sì ni èèkàn wà fún bí kò ṣe láti fi so ẹran? Wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́ ọn. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá àṣìṣe ni àbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Òbúkọ tó wà láàárín wọn rí èèpo iṣu lọ́ọ̀ọ́kán, ó fa èèkàn tu, ó sì wọ́ ọ tuurutu dé inú ọjà.

Ẹnjiníà wọn dé lọ́sàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan tó dé akoto. Inú bí i gan-an.

"Màmá, èèkàn ìjọba lẹ so ẹran mọ́!"

"Ọmọ mi, ìjọba ò sin ewúrẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi èèkàn ṣe?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gan-an bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín ò jẹ́. Àfi bí ohùn Àlájà ṣe rọ̀ lójijì. "Ẹ̀yìn ibi tí ẹ fẹ́ mọ ògiri sí yẹn, ọ̀rẹ́ mi ló wà níbẹ̀. Jẹ́ ká lọ kí i ná, kí o tó mọ ọ́n."

Wọ́n fà á lọ́wọ́, àwa ọmọdé rọ́ tẹ̀ lé wọn. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ Àlájà ti pariwo láti inú ilé pé, "Ta lo mú wá lónìí? Bàtà ẹ̀ ń dún bíi ti sójà!" Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún un ní móínmóín, ó sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí a ń padà bọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ yẹn yọ̀ mọ́ òun náà lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó dúró, ó wo ilẹ̀, kò sọ ju "Mo ti gbọ́, Màmá" lọ.

Ògiri dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ ní ọ̀kánkán ilé wa, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí èèyàn á ti dúró wòye bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí, ọjà ò ní pẹ́ débẹ̀. Aránbàtà ló kọ́kọ́ dé, alákàrà tẹ̀ lé e, onígbàjámọ̀ náà gbé àga tirẹ̀ wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àlájà ń wé gèlè lọ́wọ́ kí wọ́n lè jáde, ni a gbọ́ "Àgò o!" lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ wọn ni, ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Yéè! Ta ló gbé ọ wá?"

"Ta ni ì bá gbé mi? Ẹsẹ̀ mi náà ni. Ó ti sú mi kí n máa jókòó dè ọ́."

Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń fò kiri láìmọ ohun tí mo ń ṣe.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n sọ nígbà náà ò wá. Ayé ti yí padà: títì ti fẹ̀, mọ́tò ti pọ̀, èmi náà ní ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ń gbé ní òdìkejì títì ní Challenge, fóònù la fi ń kí ara wa, torí ta ló fẹ́ sá eré kọjá láàárín àwọn oníwàdùwàdù yẹn? Mo ṣì ń retí ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, bó bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ya máàpù Ìbàdàn lọ́la, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìlú tí ìyá arúgbó ò bá ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, mọ́tò nìkan ló ń gbé ibẹ̀.