Ọ̀dà Tí Ọkọ Mi Pò

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ mọ ọkọ̀ fọ̀ ju ọwọ́ ènìyàn lọ, ẹ ní kó wá sí Ẹdẹ, kó wá wo ojú ọkọ̀ mi. Tó bá wò ó tán tó tún ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bi í bóyá ẹ̀rọ náà ló ń wẹ̀ fún un nílé.

Gààrí ni mo ń tà. Abúlé Alájùé ni mo ti ń rà á, ọkọ̀ yìí ni mo sì fi ń kó o wá sọ́jà. Ọkọ̀ àgbà ni. Bí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀, á máa wúkọ́ bí baba arúgbó tí wọ́n jí fún ìrun àsùbáà. Ẹ má wo ìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọkọ mi tó ti lọ ló kùn ún. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ló ń ṣe, ọkọ̀ yìí ló sì kùn kẹ́yìn kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ó po pupa mọ́ dúdú, ó fi nǹkan mìíràn sí i tí kò jẹ́ kí n mọ̀, ó ń tọ́ ọ wò lára páànù títí ó fi dà bí obì àbàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi ṣàn.

Mo ní, "Kí lẹ fi sí i?"

Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ọ, wàá lọ tà á lọ́jà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì gbé àṣírí ẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Òwúrọ̀ kùtù ni mo ń fọ̀ ọ́, torí tí oòrùn bá ti mú, ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára. Màá kọ́kọ́ da omi lé e kí yanrìn ṣàn lọ. Bùkẹ́ẹ̀tì kan fún ọṣẹ, ìkejì fún fífọ àkísà, torí yanrìn tó bá há sínú àkísà, ọ̀bẹ ni. Àkísà ọ̀hún, ìró mi tó ti gbó ni, tó ti rọ̀ bí etí ehoro. Òkè ni mo ti ń fọ̀ ọ́ bọ̀ wá sílẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ Alájùé ń gbé. Tí ẹyẹ bá ṣu sí i, màá sá dìde nídìí oúnjẹ. Ará ilé ní mo fọ ọkọ̀ ju bí mo ṣe wẹ ọmọ lọ. Wọn ò parọ́. Ọmọ á dàgbà, á wẹ ara ẹ̀.

Ó wá kan Eyínfúnjowó. Àbúrò ọkọ mi ni. A kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kí wọ́n tó gbé ni wọlé. Orúkọ tiwa là ń fún un. Nígbà tí mo wọlé, eyín méjì péré ló wà lẹ́nu ẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, ó tọ̀ sí mi lẹ́yìn, síbẹ̀ ọkọ mi ni lófin ilé. Ó ń pè mí ní ìyàwó, àwa méjèèjì sì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó ti Èkó dé fún Iléyá, ó fa àgbò ńlá kan wọlé. Mo ṣàdúà fún un títí. Lọ́jọ́ kejì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà torí ẹrẹ̀ ti bo ọkọ̀, mo ti fi fífọ̀ rẹ̀ sí àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ni Eyínfúnjowó bá mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó gbé e lọ sí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ kan ti ń fọ ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Oore ló fẹ́ ṣe mí.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun ńláńlá ló ń yí nínú ẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, lókè. Ẹ̀yìn ni mo wá gbọ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn ló wọlé ṣáájú tèmi. Búrọ́ọ̀ṣì nu yanrìn ìyẹn, ó gbé e pamọ́ sínú irun, ó wá fi ha ọkọ̀ mi.

Nígbà tí mo ti ọjà dé, Eyínfúnjowó ti dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, eyín ń tàn.

"Ìyàwó, ẹ wá wò ó! Ó ń dán!"

Lóòótọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi kọjú ọkọ̀ sí ògiri? Mo fún ara mi mọ́ àárín ògiri àti ọkọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì! Etí ibi tí ọ̀dà ti gbé sókè díẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì kọ́, ó sì bó o bí èèpo iṣu sísè. Ó fẹ̀ tó ojú àwo oúnjẹ. Páànù hàn síta bí eegun.

Kí ni mo lè ṣe? Ọwọ́ ìyàwó ilé kì í na ọkọ. Ni mo bá kọjú sí àgbò tí wọ́n so mọ́ ìdí ọ̀pẹ.

"Ìwọ àgbò yìí, olóríkunkun! Ta ló rán ọ níṣẹ́? Wọ́n fi ọ́ sílé jẹ́jẹ́, o lọ ń kan ohun tí olóògbé fi sílẹ̀! Ìwo lo gbé sórí, o ò gbé ọpọlọ sí i!"

Àgbò ń jẹ èèpo iṣu tiẹ̀.

"Ìyàwó," ni Eyínfúnjowó wí, "àgbò yẹn ò ṣe nǹkan kan o."

"Ṣé ẹ̀yin ni mò ń bá wí ni, ọkọ mi? Èmi kẹ̀! Àgbò ni. Ẹ lọ jókòó, ẹ ti ṣe wàhálà púpọ̀ lónìí."

"Ojú mi lẹ ń wò."

"Ẹ̀yin lẹ dúró síwájú àgbò."

Mo wá rántí agolo. Olóògbé ọkọ mi fi ìyókù ọ̀dà náà sábẹ́ ibùsùn, ó ní, "Tí ibì kan bá bó, ibí ni wàá ti bù." N ò ṣí i rí, kí atẹ́gùn má baà wọ̀ ọ́. Mo fi ìdí ṣíbí já ìdérí ẹ̀. Ó ti gbẹ. Ó le bí òkúta, kò tilẹ̀ pupa mọ́. Inú tó bí mi níta, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. N ò tún mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Eyínfúnjowó tọ̀ mí wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ má bínú. Màá bá yín kun gbogbo ọkọ̀ náà ní ọ̀tun. Á dán ju tàtijọ́ lọ."

Mo gbàgbé àgbò. Mo gbàgbé òfin ilé. "O máa kun gbogbo kí ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ yẹn? Òun ló pò ó! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn, ìwọ yìí!"

Láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, n ò pè é ní ìwọ rí. Ó wo agolo náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé òun ni," ló wí.

Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀, páànù tó wà níhòòhò á dípẹtà. Ó wá oníṣẹ́ ọ̀dà kan wá, ìyẹn kó oríṣiríṣi pupa sílẹ̀. Ọ̀kan dà bí tòmátò, òmíràn bí ojú ọ̀mùtí. Kò sí èyí tó jọ tọkọ mi.

Mo ní, "Ẹ kùn ún ní dúdú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan. Dúdú tí kò purọ́ sàn ju pupa tó ń díbọ́n lọ."

Bí ọkọ̀ mi ṣe di aláwọ̀ obì olórí dúdú nìyẹn. Tí mo bá ń kọjá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á ní, "Ìyá Olórí Dúdú, ẹ kú ìrìn o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí ó pani lẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, Eyínfúnjowó pọn omi, ó gbé bùkẹ́ẹ̀tì méjì kalẹ̀. Mo dúró tì í.

"Ẹ fọ àkísà yẹn nínú ìkejì."

"Mo ti fọ̀ ọ́, ìyàwó."

"Ẹ tún un fọ̀."

A ti yídì dé, wọ́n pa àgbò. Tìbínú-tìbínú ni mo fi jẹ ẹran ẹ̀, ó sì dùn. Ìbínú ò tíì tán, àgbò ló tán. Tí Eyínfúnjowó bá ti Èkó dé báyìí, adìyẹ ni mò ń bá wí.