Ewé Ẹ̀pà Tí Àsùmáù Gbé Kọ́ Sórí Igi

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọkùnrin ìlú Manigri a dáná sun igbó. Òkété àti ehoro ni wọ́n ń lé. Wọ́n á jẹ ẹran fún ọjọ́ díẹ̀, koríko á sì di eérú títí òjò mìíràn á fi rọ̀. Ọgbọ́n wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì rí ìdí tí màá fi sọ ọ́ ní rere.

Àsùmáù ọmọ Sànní kì í sun nǹkan kan. Manigri ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Lassissi, àgbẹ̀ oníṣu, láyé àwọn Faransé. Ilẹ̀ tí Lassissi fún un pé kó máa fi dáko jẹ́ ilẹ̀ tó ti ṣá, tí iṣu kì í ta níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ ṣe ń ṣe nígbà náà: ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ bá ti tán ni ti ìyàwó.

Kò bá a jà. Ó lọ bá Issa, Fúlàní kan tó ń da màlúù lójú ọ̀nà Pénéssoulou. Àdéhùn wọn ni pé kí màlúù Issa máa sùn lórí ilẹ̀ òun àti ti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òun ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìgbẹ́ wọn lè sọ ilẹ̀ náà jí. Àwọn obìnrin náà á sì máa bọ́ wọn ní ewé ẹ̀pà gbígbẹ nígbà tí koríko bá tán. Igbá wàrà kan ni Issa yóò máa fi gba ẹrù ewé kọ̀ọ̀kan.

Ní Manigri, obìnrin tó bá bá ẹlòmíràn já ẹ̀pà, ewé rẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ kì í fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin tó bá rù ú lórí, olè ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ obìnrin a máa dà á fún ewúrẹ́. Àsùmáù ní kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sáàárín ẹ̀ka igi èmì tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, níbi tí iná àti ewúrẹ́ kò lè dé. Olúkúlùkù fi àkísà aṣọ rẹ̀ so ẹrù tirẹ̀, kí wọ́n má bàa ṣì í mú.

Àwọn ọkùnrin tó ń ti ìdí ọdẹ bọ̀ a máa dúró wò wọ́n.

“Àsùmáù, ṣé ìwọ náà ti ń jẹko ni?”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí èyí tí ẹ máa sun mọ́.”

Lẹ́yìn náà ni ọdún ọ̀dá dé, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ja ogun wọn kejì. Òjò dáwọ́ dúró kí iṣu tó ta. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin sun igbó bí ìṣe wọn, iná náà sì jó koríko run títí dé Alédjo. Àwọn Fúlàní láti òkè sọ̀kalẹ̀ wá ṣáájú àkókò, egungun màlúù wọn yọ síta. Ẹrù ewé ẹ̀pà tí iye rẹ̀ jẹ́ igbá wàrà kan di adìẹ, ó di ewúrẹ́, ó di àgbò. Kò sí ohun àràmàǹdà níbẹ̀. Gbogbo darandaran ló ń wá a, àwọn obìnrin abẹ́ igi èmì nìkan ló sì ní in.

Maïmouna, ọ̀rẹ́ Àsùmáù, ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀.

“Àgbò kan fún ẹrù kan, ìyá Roukayatou. Kí la tún ń dúró dè?”

“Yọ ti Issa sọ́tọ̀, kó o ta ìyókù.”

“Wàrà lásán ni Issa ń fún wa.”

“Ilẹ̀ ni Issa ń fún wa. Bí màlúù rẹ̀ bá bá ti àwọn ará òkè lọ wá koríko nísàlẹ̀, ta ni á máa wá yàgbẹ́ sóko rẹ? Ṣé ọkọ rẹ ni?”

Maïmouna rẹ́rìn-ín títí, ó sì yọ ti Issa sọ́tọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Daouda gun ẹṣin wọ ìlú. Gáàdì ni, ọmọ dúdú tó ń fi ẹgba bá òyìnbó kan ní Bassila gba owó orí. Òyìnbó náà ní ẹṣin, àwọn ẹṣin náà kò sì rí koríko jẹ. Àṣẹ tí Daouda mú wá ni pé kí àwọn obìnrin ru gbogbo ewé ẹ̀pà Manigri lọ sí Bassila. Òyìnbó ti dá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀: owó páálí ìṣáná kan fún ẹrù kan.

Daouda kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí Lassissi fi sáré bá ìyàwó rẹ̀.

“Kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, Àsùmáù. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n nà mí ni?”

Daouda na ẹgba sí orí igi.

“Ta ló ni èyí?”

“Èyí tó ní àkísà pupa ni tèmi, ọ̀gá. Ẹ gbé e.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Owó iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Aṣọ wọn wà lára rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè.”

Àwọn obìnrin ti jókòó sábẹ́ igi. Daouda ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n rù ú. Kò sẹ́ni tó mira. Ó já ẹgba lé Àsùmáù léjìká. Àsùmáù wò ó, kò dìde. Daouda wá kọjú sí àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n rù ú, ibẹ̀ ló sì ti ṣàṣìṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n ń bẹ̀rù òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù ju bẹ́ẹ̀ lọ pé kí ìyàwó wọn rí wọn pẹ̀lú ewé ẹ̀pà lórí. Gbogbo wọn wo ilẹ̀, ẹnì kankan kò rù ú. Nígbà tí Daouda fi máa yíjú padà, ẹṣin rẹ̀ ti na ọrùn sókè, ó ń jẹ ẹrù alákìísà pupa.

“Ìyẹn ti gba tirẹ̀,” ni Maïmouna wí. “Kò tiẹ̀ béèrè iye.”

Daouda lọ, ó ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú sójà. Ó padà wá lóòótọ́, láìsí sójà, láìsí ẹgba, nítorí ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń kú lọ kò ráyè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń ti ọ̀dọ̀ obìnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń ná an, ó ń bẹ̀ wọ́n. Èyí tó kù lẹ́yìn ti Issa ni wọ́n tà fún un, ní owó àgbò, bí wọ́n ṣe ń tà á fún gbogbo ayé. Ẹṣin ló ru ẹrù náà lọ sí Bassila. Daouda fẹsẹ̀ rìn.

Màlúù Issa kò lọ sísàlẹ̀. Wọ́n sùn lórí ilẹ̀ tó ti ṣá náà títí òjò fi dé, iṣu tó sì ta níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ju ti gbogbo oko ọkùnrin lọ. Lassissi, tí ọ̀dá ti gba èèbù iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, wá tọrọ èèbù lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

“Ẹrù ewé ẹ̀pà mi kan wà lóko Maïmouna, baba Roukayatou,” ni Àsùmáù wí. “Ẹ bá mi rù ú wálé.”

“Ó dáa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, màá lọ.”

“Nísinsìnyí ni.”

Lassissi rù ú gba àárín ọjà kọjá lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ tán ni Àsùmáù tó ka èèbù fún un.