Bí Áyírónì Ṣe Wọ Agboolé Wa

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ara lè tù mí: èmi tí mo ti ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé, áyírónì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, mi ò dá a mọ̀. Mo tilẹ̀ máa ń dá a lóhùn pé, "Ṣé dáadáa lo jí?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Ó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí Mápó, ó sì fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kí òun náà lè ní kíláàsì tòun. Gbogbo iṣẹ́ ìdánwò yòókù ló ti yege. Lítíréṣọ̀ nìkan ló kù, ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn sì ti gbé e lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá tún gbé e lulẹ̀, kó gbàgbé ìwé, kó wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Ọjà'ba.

"Mi ò ní í ta aṣọ," ló sọ fún mi. "Ẹ kọ́ mi."

"Ìyàwó, orí mi ti ń pá. Má jẹ́ kí ìyókù irun yìí re tán."

"Tó bá re tán, màá ra fìlà fún yín. Ẹ ṣáà kọ́ mi."

Ẹni tó bá mọ agboolé ní Bẹ́yẹrúnká mọ̀ pé kò síbi tó dákẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì la máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n á sì máa dá sí i bí ẹni pé àwọn náà fẹ́ ṣèdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ara ògiri ilé ìdáná, débi pé ẹni tó bá fẹ́ bu omi á kọ́kọ́ ka métáfọ̀.

Orí rẹ̀ pé, ẹ má ṣàṣìṣe. Mo ṣàlàyé sólílókùì fún un, pé òṣèré á dá dúró lórí ìtàgé, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá àgbà nìyẹn," ó ní, "tí wọ́n bá ń wá ìgò aáṣáà wọn."

Mo ní àsáìdì ńkọ́, ìyẹn kí òṣèré sọ̀rọ̀ sétí òǹwòran, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má gbọ́?

"Àwa ìyàwó ilé nìyẹn, tí ọkọ bá ń pàṣẹ."

Áyírónì ló kọ̀ tí kò wọlé. Mo ní kéèyàn wí ohun kan kó ní òdìkejì rẹ̀ lọ́kàn. Ó ní irọ́ nìyẹn. Mo ní kì í ṣe irọ́. Ó ní kí ló wá dé tí wọn ò sọ ọ́ tààrà? Bá a ṣe ń fà á nìyí títí ìdánwò fi ku ọ̀la. Lọ́jọ́ náà, ó pa ìwé dé gbàgà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ó nu ojú, ó ṣí ìwé padà.

"Ẹ tún un sọ."

Mo wá rántí àṣà ilé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ kó tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Mo ní, "Ìbàdíàrán tí ẹ ń pe àbúrò mi ńkọ́?"

"Métáfọ̀! Ìbàdí kì í ṣe àrán."

"Eyínfúnjowó?"

"Haipábólì! Eyín wo ló funfun tó yẹn?"

Orí mi wú. Mo na àyà. "Èmi wá ńkọ́? Agùntáṣọọ́lò?"

Ẹ ẹ́ rí i, láti ìgbà tó ti wọlé wa ló ti ń kúnlẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, ìyẹn ẹni tó ga débi tí aṣọ ń yẹ ẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Bí mo bá wo dígí, mo máa ń rí i pé ó bá mi mu.

Ìyàwó àgbà fọwọ́ bo ẹnu. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wo ẹsẹ̀ mi tó ń mì dirodiro lórí bẹ́ǹṣì, tí kò kanlẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní jẹ́jẹ́, "áyírónì ni." Ló bá fò dìde. "Áà! Áyírónì ni! Ó ti yé mi!"

"Ẹ má bínú, ọkọ wa," ni ìyàwó àgbà wí. "A rò pé ẹ mọ̀ ni."

"Gbogbo yín lẹ mọ̀?"

"Títí dé Ìdí Arẹrẹ."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti mú ṣọ́ọ̀kì. "Gbogbo òǹwòran mọ̀, ẹni tó wà lórí ìtàgé nìkan ni ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ni áyírónì inú eré, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà á.

Mi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó rí i, ó wá kúnlẹ̀, ó ní láti òní lọ òun á máa pè mí ní Ọ̀gá Tíṣà.

"O ò tó bẹ́ẹ̀!" mo ní. "Tó o bá yí i padà báyìí, o ó gbàgbé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Mú orúkọ mi dání lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sìn ín lọ síbi ìdánwò ní Yemẹtù, mo sì dúró lẹ́nu géètì láàárín àwọn òbí. Oòrùn ò tíì kan àtàrí nígbà tó yọ lórí àtẹ̀gùn, tó figbe ta:

"Agùntáṣọọ́lò! Ọkọ mi, áyírónì jáde! Mo sì kọ ọ́!"

Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu géètì yíjú, wọ́n ń wá ọkùnrin gíga náà. Òkè orí mi ni wọ́n ń wò kọjá. Mo fi ìka ẹsẹ̀ dúró, mo na ọwọ́ sókè, mo sì jẹ́ orúkọ mi.